Fóònù Mẹ́rìnlá Nínú Gíláàsì Kan

Kò sí ẹni tó mọ fóònù tó mi ní gbogbo Broad Street ní Monrovia. Ẹ di aṣọ mọ́ mi lójú, ẹ máa gbé e lé mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe, màá sọ èyí tó jẹ́ èwo. Màá sọ iye kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn ẹ̀, màá sọ bí bátìrì ẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi ní ìmọ̀ ńlá yìí, fóònù méjì ni mo tà. Ẹni tó ra ọ̀kan nínú méjèèjì ti mú un dání kí n tó lanu, ẹni tó máa gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń wá. Fóònù tèmi gan-an, ojú ẹ̀ ti sán káàkiri bí ilẹ̀ tí òjò ti gbàgbé.

Alájì, àbúrò ìyá mi, ló ni ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ló ní kí n máa bọ̀ ní Monrovia lẹ́yìn tí mo fi polí sílẹ̀ ní ọdún kejì. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, pé mo fi polí sílẹ̀, bíi pé polí ń sunkún tẹ̀lé mi títí dé gáréèjì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo kàn ṣíwọ́ lílọ, mo wá jókòó sínú yàrá mi níléèwé, mò ń retí kí ẹnì kan bèèrè mi. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Ìgbà tó di oṣù kẹrin tí ìyá mi gbọ́, wọ́n bú mi fún ọjọ́ méjì, wọ́n wá ní, "Àbúrò mi ń wá ẹni tó mọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Liberia." Bí mo ṣe di ẹni tó mọ̀wé nìyẹn o, ọdún tí mo ju ìwé sílẹ̀.

Èèyàn mẹ́fà ni wá nílé Alájì. Ẹ̀rín ò wọ́n níbẹ̀, ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni mi ò mọ̀. Ọmọ Liberia ni ìyàwó wọn. Gẹ̀ẹ́sì ìlú yìí ni àwọn ọmọ ń sọ, èyí tí wọ́n máa ń bu ìparí ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ bí ẹní jẹ gúgúrú. Tí mo bá sọ Yorùbá sí wọn, wọ́n á yíjú wo bàbá wọn, kí Alájì wá bá wọn túmọ̀ mi. Alájì fúnra wọn, Yorùbá tí à ń bára wa sọ láàárọ̀ ò ju "Ṣé o ti gbálẹ̀?" lọ. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ó di "Ṣé o ti tì í dáadáa?" Ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, Yorùbá wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ oníṣòwò ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ti sálámà tán báyìí, kálukú ti ń wá bàtà ẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ gbá mi léjìká, wọ́n á ní, "Ọmọ Alájì, ṣé dáadáa ni?" Kí n tó sọ bóyá dáadáa ni, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn fóònù sọ̀rọ̀. Mi ò fi ṣeré o. Màá ṣí gíláàsì tí a tò wọ́n sí láàárọ̀, màá nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, màá máa kì wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tí à ń ta fóònù ẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó dà bí obìnrin tó bí ọmọ mẹ́rìnlá lọ́dún kan, tó wá sọ gbogbo wọn ní Táíwò: Táíwò, Táíwò Kékeré, Táíwò Ńlá, Táíwò Ńlá Alágbára. Ọ̀kan ní kámẹ́rà méjì. Ọ̀kan ní mẹ́ta. Ọ̀kan ní mẹ́ta tí ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán. Bátìrì eléyìí fi wákàtí kan pẹ́ ju tìyẹn lọ, ojú tọ̀hún fi ìwọ̀n èékánná gùn ju ti eléyìí. Méjì wà níbẹ̀ tí mo yẹ̀ wò fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rí i pé àwọ̀ páálí nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Ọjọ́ tí mo rí i, inú mi dùn débi pé mo wá ẹni tí màá sọ fún. Mi ò rí. Mo sọ fún fóònù kẹsàn-án.

Ká má tan ara wa, ìmọ̀ mi ló ń lé kọ́sítọ́mà. Èèyàn á wọlé, á ní, "My man, which one fine?" Ìbéèrè kékeré. Tó bá jẹ́ Alájì ló bi, wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á fi lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní, "This one na your own." Ó parí. Ẹni yẹn á wo fóònù náà bíi pé wọ́n ti kọ orúkọ òun sára ẹ̀ látọ̀run wá. Tó bá jẹ́ èmi, màá bẹ̀rẹ̀ látorí ìkíní. Tí mo bá fi máa dé ìkẹfà, ojú ẹ̀ á ti máa yí. Tí mo bá dé ìkẹwàá, á ní, "I coming come, ya," á sì jáde. Ẹ mọ ìyẹn. Òun náà ni "mò ń bọ̀" tiwa. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dàgbà létí ọjà mọ̀ pé ẹni tó bá ní "mò ń bọ̀" ti lọ nìyẹn, àánú ẹ ló ṣe é tí ò fi sọ pé rárá.

Alájì dúró gbọ́ mi lọ́jọ́ kan títí mo fi parí. Wọ́n ní, "Ìwọ, ṣé fóònù lò ń tà ni àbí wáàsí lò ń ṣe?"

Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, òjò ń rọ̀ bíi pé ó bá òrùlé ìlú yìí níjà látayébáyé, ni bàbá kan wọlé. Atẹ́gùn ti yí agboòrùn wọn padà, ó ti di abọ́. Wọ́n kí mi lédè gẹ̀ẹ́sì, gẹ̀ẹ́sì tí kò bu nǹkan kan jẹ. Mo fẹ́ fò dìde, mo fi orí gbá pẹpẹ, ariwo tó jáde lẹ́nu mi ni, "Yéè! Orí mi o!"

Wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́. Ọmọ ibo ni ẹ́?"

Ó tó oṣù mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti kí mi ní pẹ̀lẹ́ gbẹ̀yìn. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi tí agboòrùn wọn ń ro sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Dìde, dìde, ilẹ̀ tutù. Fóònù ni mo wá rà, mi ò wá joyè."

Tíṣà ni wọ́n, ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sinkor, Lakpazee ni wọ́n ń gbé. Ọmọ Iléṣà. Ìyàwó wọn ti kú. Ọmọ kan tí wọ́n ní wà ní Ìbàdàn, ó lóyún, oyún àkọ́kọ́, ó sì kù bí oṣù méjì. Wọ́n yọ fóònù wọn hàn mí. Ìlà dúdú kan gba àárín ojú ẹ̀ kọjá. Wọ́n ní, "Bí mo bá ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, irun orí ẹ̀ ni mò ń rí àti àgbọ̀n ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun síwájú eléyìí, mi ò ní mọ̀ bóyá ó ní imú. Fún mi ní èyí tí ojú ẹ̀ mọ́ tó sì tóbi. Èwo ni kí n mú?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ìkarùn-ún ni. Ojú ẹ̀ fẹ̀, ó mọ́ roro, kò wọ́n, kò sí wàhálà kankan lára ẹ̀. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbẹ̀. Ni mo bá gbójú sókè wo ìta: òjò, títì ṣófo, Alájì ti lọ kó ẹrù ní ọjà Duala nínú Monrovia yìí. Tí mo bá mú ìkarùn-ún fún wọn, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún wọ́n ti lọ, èmi àti àwọn Táíwò ló kù. Ọwọ́ mi kọjá ìkarùn-ún, ó bá ìkẹfà dúró.

Mo ní, "Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nípa gbogbo wọn, sà."

Àwọn kọ́sítọ́mà yòókù máa ń sá níbẹ̀. Bàbá Tíṣà fa àpótí ìjókòó, wọ́n yọ ìwé kékeré kan àti bírò, wọ́n fa ìlà. Wọ́n kọ ọ̀kan dé mẹ́rìnlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n kọ kámẹ́rà, bátìrì, ojú, ìwúwo sókè. Wọ́n ní, "Ó yá, máa wí." Mo wí títí aago mẹ́rin. Ọ̀nà ọ̀fun mi dùn mí, bí ẹni tí kì í sáré tó sáré. Ìgbà tí òjò dá, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Màá lọ rò ó. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

Mo ní, ó tán. Mo ti lé òun náà lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n dé. Èmi ò tíì rí irú ẹ̀ rí, ẹni tó ní mò ń bọ̀ tó sì bọ̀. Wọ́n tún mú ìpékeré dání.

Bí Ọjọ́bọ̀ ṣe di ọjọ́ tèmi nìyẹn. Wọ́n kì í níṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Màá ti nu àpótí ìjókòó sílẹ̀ láti aago mọ́kànlá, màá fọ kọ́ọ̀pù, màá sì máa ṣe bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni. Wọ́n á dé, a óò ṣe fóònù bíi mẹ́ta, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á yà sí ibi tó bá wù ú.

"Kí ló lé ẹ kúrò níléèwé gan-an?"

"Ìṣirò ni, sà."

"Ìṣirò kì í lé èèyàn. Ìwọ lo sá."

"Mo sá díẹ̀, sà."

"O sá dé Monrovia lò ń pè ní díẹ̀?"

Ìgbà kan ni wọ́n ní kí n wá wo nǹkan. Wọ́n ní tí èèyàn bá fẹ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú fóònù mẹ́rìnlá yìí wé èkejì ẹ̀, mélòó ló máa jẹ́? Mo ní mẹ́rìnlá. Wọ́n wò mí tìkà-tìkà. Wọ́n ṣe é síwájú mi, ó jẹ́ mọ́kànlélàádọ́rùn-ún.

"Ilé-iṣẹ́ tó ní kí n ṣe àfiwé mọ́kànlélàádọ́rùn-ún kí n tó rí ojú ọmọ-ọmọ mi, ọ̀tá mi ni. Mẹ́ta tó. Kékeré, àárín, ńlá."

Mo ní, "Àmọ́, sà, bàtà gan-an, nọ́ńbà ẹ̀ pọ̀ ju mẹ́ta lọ."

"Ẹsẹ̀ ẹ ló ń yan bàtà fún ẹ. Fóònù ńkọ́, kí ló ń yàn án? Àfi ẹnu tìẹ."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹnu tèmi yìí ló wà nídìí ẹ̀. Fóònù mẹ́rìnlá ni ìdí tí èèyàn kan ní gbogbo ìlú yìí fi ń jókòó tì mí. Tí ilé-iṣẹ́ bá ṣe mẹ́ta, ọ̀rọ̀ á tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn òmùgọ̀ tó ń ṣe mẹ́rìnlá.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, Bàbá Tíṣà ti ṣí ìwé wọn, wọ́n fi bírò yí ìkarùn-ún po. Wọ́n ní, "Eléyìí ni. Mo ti rò ó. Mú un wá."

Mo ní, "Ìyẹn, sà? Wọ́n ní ó máa ń gbóná o."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó rà á, sà."

Kò sí ẹni tó rà á. Ta ni màá ti tà á fún? Mo parọ́ mọ́ fóònù tí kò ṣe mí ní nǹkankan. Wọ́n fa ìlà sórí ìkarùn-ún, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Mo bu ìpékeré wọn sẹ́nu. Ó dùn. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì àwọn tó ń kó fóònù náà wọ ìlú yìí. Ó ń bi àwọn oníṣọ́ọ̀bù léèrè, ó ń tẹ èsì wọn sínú ẹ̀rọ. Ó ní ilé-iṣẹ́ ń rò ó bóyá kí àwọn dín oríṣi fóònù kù, mélòó la rò pé ó tó? Alájì ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ẹ̀. Wọ́n ní mẹ́ta: ọ̀kan fún ẹni tí kò lówó, ọ̀kan fún ẹni tó ní díẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun.

Èmi tí mo wà lẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni ò bi ní nǹkankan, mo ké, "Twenty!"

Obìnrin náà gbójú sókè. "Twenty?"

"People like to choose," mo fi kún un. Ohùn mi ń gbọ̀n bíi pé wọ́n fẹ́ gba ilé bàbá mi. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé fóònù ilé-iṣẹ́ kan pọ̀ sí i dípò kó dín, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa bú.

Ìgbà tó lọ tán, Alájì yíjú sí mi. "Ta ló máa ta ogún? Ìwọ tí o ò tíì ta márùn-ún?"

"Alájì, kì í ṣe torí títà."

"Ní ṣọ́ọ̀bù? Torí kí ni nígbà náà?"

Mo mú aṣọ, mo ń nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Alájì wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, èyí tó burú ju igbe lọ: "Bàbá tó ń wá lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ta fóònù fún wọn. Wọ́n ti dàgbà, ọ̀nà Lakpazee jìn. Má fi wọ́n ṣeré."

Mo pinnu. Mo búra fún ara mi pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ìkarùn-ún ni màá mú jáde, màá ní irọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a gbọ́ pé ìkẹẹ̀ẹ́dógún ń bọ̀ láti ibùdó ọkọ̀ ojú omi. Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Bàbá Tíṣà dé, tí wọ́n jókòó, tí wọn ò tiẹ̀ yọ ìwé wọn síta, ẹnu mi ti ń sọ ọ́ kí n tó dá a dúró.

"Tuntun kan ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, sà. Ojú ẹ̀ ló mọ́ jù lọ."

Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn lè dé nígbàkugbà o."

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, sà."

Wọ́n wo gíláàsì, wọ́n wò mí, wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Ó dáa." Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò ní "mò ń bọ̀". Inú mi ń dùn débi tí mi ò fi gbọ́ ohun tí wọn ò sọ.

Ìkẹẹ̀ẹ́dógún dé. Ọjọ́bọ̀ dé. Mo nu àpótí ìjókòó, mo fọ kọ́ọ̀pù. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń rò pé ti Bàbá Tíṣà ni, kì í sì í jẹ́ tiwọn. Ọjọ́bọ̀ kejì, mo fi ìpékeré ta ara mi lọ́rẹ, mi ò lè jẹ ẹ́ tán. Àwọn fóònù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń wò mí láti inú gíláàsì. Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti sú mi.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo gbàṣẹ lọ́wọ́ Alájì, mo fi ìkẹẹ̀ẹ́dógún sínú ọ̀rá, mo tún fi ìkarùn-ún sí i nítorí ẹ̀rí ọkàn, mo wọ takisí tí èèyàn mẹ́rin ń há mọ́ra wọn lẹ́yìn ẹ̀, mo gba Lakpazee lọ. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń kọ́ ẹ̀bẹ̀ tí màá bẹ̀. Mo bèèrè ilé tíṣà ìṣirò, ọmọbìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà nawọ́ sí i, kò tiẹ̀ jìnnà.

Wọ́n jókòó sí ìta ilé wọn. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n ń fọn fèrè pẹ̀lú ẹnu sí i, àgbàlagbà tó ń kọ́ ìṣirò. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Háà, ìwọ ni. Wá wo nǹkan."

Ọmọ ni. Ojú ẹ̀ kún inú fóònù náà láti etí dé etí. Mo rí irun ojú ẹ̀. Mo rí itọ́ tó ń dán létí ẹnu ẹ̀. Mo tún rí ìyá ẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, tó ń bèèrè pé ta nìyẹn.

"Ọmọ Yorùbá kan ni, ó ń ta fóònù lọ́hùn-ún," Bàbá Tíṣà dá a lóhùn.

Mo ní, "Ẹ kú ewu ọmọ, sà. Ọlọ́run á wò ó."

"Àmín. Àná la sọ ọ́ lórúkọ. Ojú mi ló ṣe."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó wo fóònù fúnra ẹ̀. Kò yẹ kó pẹ́. Èmi tí mo lè fọwọ́ mọ̀ wọ́n. Ìkarùn-ún ni.

Mo ní, "Níbo lẹ ti rà á, sà?"

"Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní ìkóríta yẹn. Ọjọ́ tí mo kúrò lọ́dọ̀ ẹ gan-an ni. Méjì péré ni wọ́n ní, mo mú ọ̀kan."

"Ṣé kì í..." Mo dúró.

"Kì í gbóná," ni wọ́n wí. Wọ́n wò mí bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tó wo ìwé ẹlòmíì, tí ó ti rẹ̀ wọ́n láti nà án. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún yíjú sí fóònù, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ fèrè wọn. Ọmọ náà sín. Àwọn méjèèjì, ìyá ọmọ ní Ìbàdàn àti bàbá àgbà ẹ̀ níbí, ké lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá mi. Ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ́ bọ̀, kò sí ẹni tó bi mí. Wọn ò bínú, ká ní wọ́n bínú ni, ǹ bá mọ ohun tí màá ṣe. Nígbà tó yá, mo gbé ọ̀rá sí apá kejì, mo ní kí n máa lọ, wọ́n ní ó dáa, kí n kí Alájì. Mo rìn dé ẹnu géètì. Mo padà.

"Ọjọ́bọ̀ ńkọ́, sà? Ṣé a máa rí yín?"

Wọn ò gbójú kúrò lára ọmọ náà.

"Kí ni màá wá ṣe? Mo ti ra fóònù."